Àjàní, Gbé Ẹ̀rọ Yẹn Sílẹ̀ Ná

Má dìde, jókòó síbẹ̀. Mo rí i pé o fẹ́ dọ̀bálẹ̀, mo sì rí bí o ṣe dúró lágbedeméjì bí ẹni tó ń wá owó tó já bọ́ nílẹ̀. Bí o bá tẹ̀ ba tán, ìtọ̀ á máa jò ọ́. Àbí mo parọ́? O rò pé mi ò mọ̀. Èmi ni mo pọ̀n ọ́ ní 1964 nígbà tí ìyá rẹ bá lọ sọ́jà Dùgbẹ̀, èmi àbúrò rẹ̀, ọmọ ọdún 16. Ìtọ̀ rẹ ló kọ́kọ́ ba bùbá àǹkárá mi jẹ́ láyé yìí. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo wá fi ọdún 35 ṣe nọ́ọ̀sì. Ìtọ̀ olówó, ti ìjòyè, ti sójà, mo ti gbé gbogbo rẹ̀ dànù láàárọ̀ kùtù, kò sì sí ti ẹnì kankan nínú wọn tó ń ta sánsán. Èwo wá ni tìrẹ tí o ń fi pamọ́ fún mi?

Ìyàwó wa ló pè mí. Má wò ó bẹ́ẹ̀ yẹn! Ohun tó yẹ kí ìwọ fúnra rẹ ti ṣe ló bá ọ ṣe. Ó ní oṣù karùn-ún rèé tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún ọ, o ò tíì fẹsẹ̀ kan mọ́sálásí Jímọ̀. Ó ní ọjọ́ ìgbéyàwó ọmọ àbúrò rẹ, ìwọ tó yẹ kó o jókòó bíi bàbá, o ní ibà ń ṣe ọ́. Gbogbo aṣọ funfun rẹ ti wọ àpótí lọ, aṣọ aró lò ń wọ̀ kiri ilé lójoojúmọ́ bí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. Ó ní lọ́fínńdà tí o ń fín sára ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ológbò. Mo fara mọ́ gbogbo ìyẹn. Ìgbà tó wá sọ pé yàrá àlejò lò ń sùn ni mo gbé báàgì mi, mo wọ ọkọ̀ l'Ábẹ́òkúta.

Kí wá ni èyí tó wà lórí tábìlì? Bẹ́líìtì oníwáyà. O rí i lórí fóònù, wọ́n ní kó o dè é mọ́nú fún ọjọ́ méje, iná tó wà nínú rẹ̀ á dá ìtọ̀ dúró. Eélòó lo rà á? Eélòó? Háà, Àjàní! Bẹ́líìtì tí àwọn ọmọge fi ń yọ ikùn rèé! Ọmọ ọmọ mi ní irú ẹ̀. Ikùn ni iná rẹ̀ ń gbọ̀n. Iṣan tí ìwọ ń wá wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, láàárín itan rẹ méjèèjì. Ilé ń jò ní Mọ́kọ́lá, o lọ gun òrùlé ní Challenge.

Mi ò ní iná ò wúlò o. Fara balẹ̀, mo máa débẹ̀. Ṣùgbọ́n o ní láti kọ́kọ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ, torí ó jọ pé lọ́jọ́ tí dókítà ń ṣàlàyé, ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ ti di ọ́ létí, o ò gbọ́ ìyókù.

Próstéètì ọkùnrin tí ara rẹ̀ dá kò ju àwùsá kan lọ. Abẹ́ àpò ìtọ̀ ló jókòó sí, ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà jáde sì gba àárín rẹ̀ kọjá bí òwú ṣe ń gba inú ìlẹ̀kẹ̀. Mẹ́gàádì méjì ló ń ṣọ́ ọ̀nà yẹn. Ọ̀kan wà lókè, ní ọrùn àpò ìtọ̀. Ìyẹn kì í gbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ, tọ̀sán-tòru ló ń ṣiṣẹ́, bóo sùn, bóo jí. Èkejì wà nísàlẹ̀ próstéètì, òun àti àwọn iṣan tó tẹ́ bí ẹní sábẹ́ ìdí. Òun ló ń gbọ́ tìrẹ. Òun lò ń ké sí nígbà tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ bá há ọ mọ́ ojú ọ̀nà Èkó tí ìtọ̀ sì ń gbọ̀n ọ́. Nígbà tí wọ́n yọ próstéètì rẹ jáde nítorí jẹjẹrẹ, mẹ́gàádì òkè bá a lọ, tàbí kó ṣẹ́ kù díẹ̀ tí kò lágbára mọ́. Ẹni tó ti ń tòògbé lẹ́nu iṣẹ́ láti ohun tó lé ní 60 ọdún sẹ́yìn, tó gbẹ́kẹ̀ lé ọ̀gá tó wà lókè, òun ni wọ́n wá gbé géètì lé lọ́wọ́ lójijì. Ṣé kò ní kọ́kọ́ ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́?

Nítorí náà, nígbà tí wọ́n yọ rọ́bà ìtọ̀ tí wọ́n fi sí ọ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Kò sẹ́ni tó ṣe ọ́. Kì í ṣe ayé. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ló ń jò lẹ́yìn irú iṣẹ́ abẹ yìí, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn ló sì ń gbádùn láàárín oṣù 3 sí oṣù 12. Oṣù karùn-ún lo wà! Ta ló gbin iṣu lóṣù kẹta tó ń hú u jẹ lóṣù kẹfà? Ìwọ ti gbé ara rẹ sin láàyè, o ń retí kí wọ́n wá kí ọ kú àṣẹ̀yìndè.

Jẹ́ kí n bi ọ́: ìgbà wo gan-an ló ń jò? Tí o bá wúkọ́? Tí o bá dìde lórí àga? Tí o bá gbé kẹ́ẹ̀gì omi? Ó dáa. Ṣé ó máa ń gbọ̀n ọ́ lójijì náà, kí o tó dé ilé ìgbẹ́ ó ti dà? Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ni pé mẹ́gàádì ni kò lágbára, àpò ìtọ̀ kọ́ ló ń ya wèrè. Ọ̀tọ̀ ni ìtọ́jú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹni tó sì ta bẹ́líìtì fún ọ kò bi ọ́ ní ìkankan nínú rẹ̀.

Àwa obìnrin ti mọ ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Ní 1948, dókítà kan tó ń jẹ́ Arnold Kegel ní Amẹ́ríkà kọ̀wé lórí bí àwọn obìnrin tó ti bímọ ṣe lè fi eré ìdárayá sọ iṣan abẹ́ ìdí wọn di alágbára. Àwa nọ́ọ̀sì sì ń kọ́ àwọn abiyamọ ní wọ́ọ̀dù: ẹ fún un pọ̀, ẹ tú u sílẹ̀. Tí ọkùnrin kan bá ń kọjá lọ, á rẹ́rìn-ín. Ó dọwọ́ yín báyìí. Iṣan kan náà yẹn wà lábẹ́ ọkùnrin, Ọlọ́run ò dá yín lọ́tọ̀.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí, ṣe é lójú mi. Tú itan rẹ sílẹ̀. Tú ikùn rẹ sílẹ̀. Wá ṣe bí ẹni tó jókòó láàárín àwọn àna rẹ̀ tí ìsó ń yọ ọ́ lẹ́nu, tó ń fún un mọ́nú. O ń rẹ́rìn-ín? Rẹ́rìn-ín dáadáa, ó ti pẹ́ tí mo gbọ́ ẹ̀rín rẹ. Ti ẹ̀yìn nìyẹn o, ti iwájú ló ṣe kókó jù fún ọkùnrin: ṣe bí ẹni tó fẹ́ dá ìtọ̀ dúró lójijì, kí nǹkan ọmọkùnrin rẹ sún sẹ́yìn díẹ̀ bí ahun tó ń fa orí wọ inú ìkarahun. Ìyàwó wa, jáde ná, ojú ń tì í. Ó dáa. Dì í mú. Ení, èjì, ẹ̀ta... Má sé èémí! Má wú ẹ̀rẹ̀kẹ́! Wo ikùn rẹ bó ṣe ń lọ sókè sódò, ikùn kọ́ ni mo ní kó o fà. Tú u sílẹ̀. Sinmi níwọ̀n ìgbà tí o fi dì í mú. Bí o bá ti lè dì í mú títí tí o fi ka ẹ̀wá, ìgbà mẹ́wàá ni wàá ṣe é lórí ìjókòó kan, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀ta lo lè kà lónìí, ka ẹ̀ta. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Má ṣe máa dá ìtọ̀ gidi dúró lágbedeméjì lójoojúmọ́ láti fi ṣe ìdánrawò o, ìyẹn kì í jẹ́ kí àpò ìtọ̀ gbẹ tán bó ṣe yẹ.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ṣe rèé, òun ló sì dùn ún ṣe jù: kí o tó wúkọ́, fún un pọ̀. Kí o tó sín, fún un pọ̀. Kí o tó dìde lórí àga yìí, kí o tó foríkanlẹ̀ lórí ìrun, fún un pọ̀ kọ́kọ́. Jẹ́ kí mẹ́gàádì ti géètì kí ọkọ̀ tó dé.

Ẹ̀rọ oníná wàyí. Àwọn ọkùnrin kan wà tí wọn ò lè rí iṣan yẹn rárá. O ní kí wọ́n fún ìsàlẹ̀ pọ̀, ìdí ni wọ́n ń fún, ikùn ni wọ́n ń fà, ojú á pọ́n kuku, ìsàlẹ̀ ò sì mira. Àwọn yẹn ni onífísíò, ẹni tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú iṣan, lè bá lo ẹ̀rọ. Ọ̀pá kékeré kan, tí kò ju àtàǹpàkò lọ, ni wọ́n máa rọra tì bọ ihò ìdí, tàbí kí wọ́n lẹ páàdì mọ́ àárín ẹpọ̀n àti ihò ìdí. Má fọ́ ojú mọ́ra, ṣé rọ́bà tí wọ́n ti kọ́kọ́ fi sí ọ, etí ni wọ́n gbà á wọlé? Iná bátìrì táṣẹ́rẹ́ ló ń gbabẹ̀ lọ bá iṣan. Yóò máa ta ọ́ fínrínfínrín bí ẹsẹ̀ tó kú tó ń jí. Bí wọ́n bá ń fi kún un díẹ̀díẹ̀, iṣan náà á ṣàdédé fún pọ̀ fúnra rẹ̀, láìgba àṣẹ rẹ. Nígbà náà ni wàá sọ pé, "Áà! Ibí yìí ni!" Iṣẹ́ rẹ̀ gan-an nìyẹn. Olùkọ́ ni. Bí ó bá ti fún un pọ̀, ìwọ náà á fún un pọ̀ pẹ̀lú rẹ̀, títí wàá fi lè dá a ṣe. Ìṣẹ́jú 15 sí 30 lórí ìjókòó kan, kò sì gbọ́dọ̀ dùn ọ́. Bí ó bá ń jó ọ bí ata, wọ́n ti ṣì í lò nìyẹn.

Onífísíò mọ iye tó máa fi sí i. Fún irú tìrẹ tó ń jò nígbà ikọ́, nǹkan bí ìgbà 50 ni iná náà máa ń ta láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Fún ẹni tí ìtọ̀ ń gbọ̀n lójijì, ó máa ń lọ sílẹ̀, bí 10 sí 20, torí ibẹ̀, ṣe ni wọ́n fẹ́ kí àpò ìtọ̀ fara balẹ̀. Irú àwọn yẹn náà ni wọ́n ń gún ní abẹ́rẹ́ tínínrín lẹ́gbẹ̀ẹ́ kókósẹ̀, tí wọ́n á so iná mọ́ ọn fún ìṣẹ́jú 30, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ 12. Ẹsẹ̀ ni wọ́n gún, àpò ìtọ̀ ló gbọ́, torí iṣan ìmọ̀lára ẹsẹ̀ yẹn àti ti àpò ìtọ̀, ibì kan náà ní ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń pàdé. Ọlọ́run tóbi. Ṣùgbọ́n tìrẹ kọ́ nìyẹn.

Ṣé o rántí bàbá wa àgbà, tó ń pẹja lódò Ògùn? Kò ní fọwọ́ kan òjìjí láé. Ó ní ẹja tó ń gbọ̀n ọ́ láì bù ọ́ jẹ ni. Ó lé ní 1,900 ọdún sẹ́yìn tí oníṣègùn kan ní Róòmù, Scribonius Largus, ti ń fi irú ẹja bẹ́ẹ̀ tí wọ́n mú nínú òkun tọ́jú orí fífọ́ àti ẹsẹ̀ dídùn, láàyè báyìí ni wọ́n ń gbé e lé aláìsàn. Nígbà tó di 1963, Caldwell, dókítà kan ní Exeter nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi ẹ̀rọ oníná sínú ara èèyàn kí iṣan ìsàlẹ̀ lè máa ti géètì. Iná tí wọ́n ń lò fún èèyàn kò bẹ̀rẹ̀ lórí fóònù rẹ, Àjàní.

Ó kù èyí tí ẹni tó tajà fún ọ kò ní sọ fún ọ láé. Ní 2011, Patricia Goode àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Alabama, l'Ámẹ́ríkà, gbé iṣẹ́ kan jáde nínú JAMA, ìwé àwọn dókítà ibẹ̀. Ọkùnrin 208 ni wọ́n kó jọ, gbogbo wọn ló ti yọ próstéètì, gbogbo wọn ló ṣì ń jò. Ẹni tó kéré jù nínú wọn ti lo ọdún kan lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ẹni tó pẹ́ jù ti lo ọdún 17. Ọdún 17, Àjàní! Ìwọ lo oṣù márùn-ún, o ti kó lọ sí yàrá àlejò. Wọ́n pín wọn sọ́nà mẹ́ta. Àwọn kan ṣe eré ìdárayá tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ọ, wọ́n ń kọ ìgbà tí wọ́n jò sílẹ̀, wọ́n sì ń ṣọ́ ohun tí wọ́n ń mu. Àwọn kan ṣe gbogbo ìyẹn, wọ́n wá fi ẹ̀rọ oníná kún un, àti ẹ̀rọ mìíràn tó ń fi iṣẹ́ iṣan hàn wọ́n. Wọ́n ní kí ìyókù kọ́kọ́ dúró ná.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 8, àwọn tó ṣe eré ìdárayá nìkan, tí wọ́n ń jò ní ìgbà 28 lọ́sẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó di 13. Àwọn tó fi iná kún un, láti 26, ó di 12. Àwọn tó dúró, láti 25, ó di 21. Kà á bó ṣe wù ọ́. Iná ò fi nǹkan kan kún un. Eré ìdárayá ló ṣiṣẹ́, lára ẹni tó ti jò fún ọdún 17 pàápàá. Àwọn mìíràn tó kó oríṣiríṣi ìwádìí jọ fún ọkùnrin rí i pé ẹni tó bá fi iná kún eré ìdárayá lè tètè rí ìyàtọ̀ díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá ti kọjá oṣù 6, òun àti ẹni tí kò lò ó á jọ wà lójú kan náà. Ìdí tí mo fi ní kó o gbé bẹ́líìtì yẹn sílẹ̀ ná nìyẹn. Bí onífísíò bá yẹ̀ ọ́ wò, tó ní o ò rí iṣan náà, kó lo iná fún ọ, mi ò ní kọ̀. Bí o bá rí i, tí ìdánrawò rẹ sì péye, iná ò ní ṣe é fún ọ nígbà tí o bá nà sórí àga tí ò ń wo bọ́ọ̀lù.

Àwọn kan sì wà tí wọn ò gbọ́dọ̀ fi iná bẹ́ẹ̀ ṣeré: ẹni tí wọ́n fi ẹ̀rọ sí àyà rẹ̀ láti máa ran ọkàn lọ́wọ́, ẹni tí kòkòrò àìsàn wà nínú ìtọ̀ rẹ̀, ẹni tí egbò wà ní ihò ìdí rẹ̀, ẹni tí iṣẹ́ abẹ rẹ̀ kò tíì san dáadáa. Ẹni tí wọ́n bá fi ìtànṣán tọ́jú jẹjẹrẹ náà gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kí wọ́n tó ti ohunkóhun bọ̀ ọ́ nídìí. Ta ló bi ọ́ léèrè ìkankan nínú rẹ̀ lórí fóònù? Nọ́ńbà báǹkì ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí ọ.

Nísinsìnyí, omi. Ìyàwó wa ní ife kan lo ń mu láti àárọ̀ dalẹ́. O rò pé bí o ò bá mu, kò ní sí ohun tó máa jò. Ìtọ̀ tó bá ki tó pọ́n bí tíì máa ń ta àpò ìtọ̀, ìgbẹ́ á sì le koránkorán, o bẹ̀rẹ̀ sí í tiraka, ìtiraka yẹn náà á tún máa ti mẹ́gàádì lulẹ̀. Mu omi rẹ lọ́sàn-án, kó o dín in kù bó bá ku díẹ̀ kó o sùn. Ohun tó yẹ kó o jáwọ́ nínú rẹ̀ ni kò fẹ́ kúrò lẹ́nu rẹ: kọfí ńkọ́? Obì gbàǹja ńkọ́? Mo rí èèpo rẹ̀ nínú àwo lọ́hùn-ún. Ohun tó wà nínú kọfí tó ń léni lọ sí ilé ìtọ̀ wà nínú obì pẹ̀lú. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá: o fi obì sẹ́nu, o wá di bẹ́líìtì mọ́nú!

Pámpáàsì kì í ṣe àbùkù. Èyí tí wọ́n ṣe fún ọkùnrin wà, tó jọ àpò kékeré níwájú, kò sẹ́ni tó máa rí i lábẹ́ ṣòkòtò. Jáwọ́ nínú àkísà tó ò ń ká sínú pátá, ìyẹn ló ń rùn, ìtọ̀ gan-an kọ́. Ra ìwé kékeré kan, kọ iye tí o pààrọ̀ lójúmọ́ sínú rẹ̀. Bí o bá fẹ́ mọ̀ dájú, wọn èyí tó gbẹ, wọn èyí tó tutù: gíráàmù kan jẹ́ nǹkan bíi mìlílítà ìtọ̀ kan. Ra ìwọ̀n tìrẹ o. Mi ò fẹ́ gbọ́ pé o gbé e lórí ìwọ̀n tí ìyàwó wa fi ń wọn ìyẹ̀fun.

Mọ́sálásí wá ńkọ́. Ṣọ́ọ̀ṣì lèmi ń lọ, o mọ̀, ṣùgbọ́n kí n tó kúrò nílé mo yà lọ́dọ̀ lemọ́mù àdúgbò wa. Mo ní, "Ààfáà, ọmọ mi kan, ìtọ̀ kì í dúró lára rẹ̀, ó ní àlùwàlá òun kì í pẹ́ kó tó bàjẹ́." Ó ní ẹ̀sìn ti mọ̀ nípa irú ẹni bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Kó fọ ara rẹ̀ mọ́, kó di nǹkan mọ́ ọn, bí àkókò ìrun bá wọlé kó ṣe àlùwàlá, kó kírun. Èyí tó bá wá já lẹ́yìn náà, Ọlọ́run mọ̀ pé kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. O rí i? Ìwọ lo lé ara rẹ jáde ní mọ́sálásí. Ṣebí ẹ̀ẹ̀márùn-ún lẹ ń kírun lójúmọ́? So eré ìdárayá náà mọ́ mẹ́ta nínú rẹ̀, lẹ́yìn Àsùbáà, lẹ́yìn Alásàrí, lẹ́yìn Ìṣáì. O ò ní gbàgbé.

Àwọn tó jù ọ́ lọ náà rí jẹjẹrẹ próstéètì, wọn ò sá pamọ́. Wọ́n rí ti bíṣọ́ọ̀bù Desmond Tutu ní 1997, ẹnu rẹ̀ ò sì dákẹ́. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún Colin Powell lóṣù December 2003, nígbà tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè fún Amẹ́ríkà, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Bí ọdún kan bá kọjá, tí o ti ṣe gbogbo eléyìí tọkàntọkàn tó ṣì ń jò púpọ̀, iṣẹ́ abẹ wà fún un. Wọ́n ní okùn tí wọ́n fi ń gbé ọ̀nà ìtọ̀ ró, wọ́n sì ní òrùka tó kún fún omi tí wọ́n ń fi yí i ká, pẹ̀lú páǹpù kékeré tí wọ́n fi pamọ́ sínú àpò ẹpọ̀n. Tí o bá fẹ́ tọ̀, o tẹ̀ ẹ́. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tó ti wà. Owó rẹ̀ ń bani lẹ́rù, mi ò ní tàn ọ́ jẹ, ṣùgbọ́n a ò tíì débẹ̀.

Pe Àlàbí àbúrò rẹ ní London lálẹ́ òní. Sọ fún un pé wọ́n rí i lára ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó wà yẹn, nínú ọkùnrin dúdú 4, ẹyọ kan ni jẹjẹrẹ próstéètì máa ń bá láyé rẹ̀. Ó ti lé ní ẹni ọdún 50, kó lọ bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Bí o bá ń fi tìrẹ ṣe àṣírí, ta ló máa kìlọ̀ fún un?

Ọ̀rọ̀ inú yàrá, mi ò bèèrè. Èyí tí mo mọ̀ ni pé ìyẹn náà máa ń pẹ́ kó tó padà, ó sì ní ìtọ́jú tirẹ̀, bi dókítà léèrè. Ṣùgbọ́n ibùsùn kọ́ ló ń jò. Fi aṣọ ọlọ́rá tẹ́ abẹ́ bẹ́ẹ̀dìṣíìtì, kó o padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó wa lálẹ́ òní. Ó ń sunkún lórí fóònù, Àjàní. Kì í ṣe nítorí ìtọ̀.

Mi ò lọ sílé lónìí. Láti 1966 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kọ́ àwọn onífísíò, kò sí ìdí tí ọmọ Ìbàdàn á fi lọ máa gba ìtọ́jú lọ́wọ́ ẹni tó ń tajà lórí fóònù. Ìwé dókítà rẹ dà? Kó o sínú báàgì. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ọ̀la la máa jáde, bùbá àti ṣòkòtò funfun ni wàá wọ̀, mo ti ní kí ìyàwó wa lọ̀ ọ́. Tí wọ́n bá bi ọ́ pé kí ló ń ṣe ọ́, ìwọ fúnra rẹ ni wàá dáhùn, mi ò ní bá ọ sọ ọ́. Gbé bẹ́líìtì yẹn wá, ikùn tèmi ló nílò rẹ̀. Gba ife omi yìí, kó o mu ún tán lójú mi.